Aránkánópì Òkè-Fìà Lọ Rán Ìgbòkun

Ẹ̀yin ará Òkè-Fìà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kì í ra nǹkan kan, ẹ ti bi mí tó. Ẹnì kan nínú yín ní abọ́ ni mo lọ fọ̀ ní òkè òkun. Ẹlòmíràn ní wọ́n dá mi padà láti pápákọ̀ òfuurufú, pé ilé àna mi ní Ìdó-Ọ̀ṣun ni mo sá pamọ́ sí ní gbogbo àkókò tí ẹ ò rí mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́. Mo lọ, mo dé ibẹ̀, mo sì rán aṣọ fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́.

Kánópì ni mò ń rán. Bí ẹ bá ti jókòó sábẹ́ ìbòòji rí níbi ìkómọ tàbí ìpàdé òṣèlú ní Òṣogbo yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́ aṣọ tí mo rán lẹ ti jẹun. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ̀ọ̀dá Délé, ọmọ Iléṣà tó ti ń gbé ní Skọ́tíláǹdì kí n tó ṣe fúrídọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ló fi fọ́tò ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó ní, "Ràṣídì, ṣé o lè rán ìgbòkun?" Ìgbòkun ni aṣọ ńlá tí wọ́n ń ta sórí òpó ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè máa tì í lọ. Èmi ò rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí àfi lára kàlẹ́ńdà. Mo dáhùn pé, "Kí ló wà níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Oníṣẹ́ ọwọ́ wo ló wà ní Òṣogbo tó máa ń sọ pé òun ò mọ iṣẹ́ kan ṣe? Kápẹ́ńtà tí kò kan kọ́bọ́ọ̀dù rí á ní irú èyí tó wà nílé gómìnà lòun máa kàn fún ọ. A máa ń gba iṣẹ́ ná ni, tó bá dìgbà tó yá a ó kọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ó sì máa ń bọ́ sí i.

Ọkọ̀ tó dúró lórí ilẹ̀

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ àti ìlà pápákọ̀ òfuurufú da yín láàmú. Ìlú tí mo dé, ìlú kékeré ni, létí òkun lápá ìwọ̀ oòrùn Skọ́tíláǹdì. Òkè ló yí i ká, omi ló wà níwájú rẹ̀, òjò ló wà láàárín. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Délé ń fi mọ́tò gbé mi wọlé, mo na ọrùn títí, mò ń retí ibi tí ìlú ti máa bẹ̀rẹ̀, kó tó sọ fún mi pé a ti kọjá rẹ̀.

Lọ́kàn tèmi, ọkọ̀ tí mo wá ránṣọ fún á tóbi tó ilé alájà méjì. Bọ̀ọ̀dá ò tilẹ̀ jẹ́ kí n délé mu omi kó tó yà síbẹ̀. Ọkọ̀ tí mo bá kò gùn ju bọ́ọ̀sì elérò lọ. Kò sì sí lójú omi. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ló dúró sí, wọ́n fi igi tì í lọ́tùn-ún lósì bí ògiri tó fẹ́ wó.

"Òun nìyí," Bọ̀ọ̀dá ní, bí ẹni tó ń fi ìyàwó tuntun hàn mí.

"Ó mà dáa o, Bọ̀ọ̀dá," mo ní. Kí ni kí n tún sọ?

Òpó irin kan ló wà láàárín rẹ̀, wáyà sì so òpó náà mọ́lẹ̀ níhà gbogbo. Bọ̀ọ̀dá ṣàlàyé pé níbẹ̀ gan-an ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Bí atẹ́gùn bá ti le, dandan ni kéèyàn rìn lọ síwájú ọkọ̀ lórí ìgbì, kó lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ ìbàdí fún òun, ọ̀pá lòun fi ń rìn. Lọ́dún tó kọjá òun yọ̀ ṣubú níwájú ọkọ̀ náà, díẹ̀ ló kù kí òun bọ́ sómi. Nítorí náà òun fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun fi ìgbòkun irú ti àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ sí i. Òpó méjì ni èyí ní, wáyà kankan kò sì so wọ́n. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá gbọọrọ gbọọrọ ní ìbú lára rẹ̀, tó fi máa ń ká jọ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lè fi okùn kan fà á sókè, kó sì tú okùn náà kó wálẹ̀, láìdìde.

"Láìdìde rárá?" mo bi í.

"Ràṣídì, ọmọ òṣómàáló ni mí. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ta aṣọ kiri, ìlóṣòó ni wọ́n fi ń gba ohun tí wọ́n wá gbà. Wọn kì í dìde títí ọwọ́ wọn á fi tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ò fẹ́ dìde."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Nínú kíṣìnì

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Sìdí, kò tíì kí mi tán tó ti ń gbóòórùn báàgì mi bóyá irú wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi ló rí ni tàbí irú.

Àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ wọn sì ti lọ sílé ọkọ àti ilé ara wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Iléṣà ti parí, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí gbogbo yàrá, ewúrẹ́ ọlọ́dẹ ló ń gbádùn rẹ̀. Àdéhùn tọkọtaya ni pé bí Bọ̀ọ̀dá bá lè máa wa ọkọ̀ náà ní ìjókòó kí òtútù tó dé, wọ́n á ṣì dúró. Bí kò bá ṣeé ṣe, á tà á, wọ́n á sì máa bọ̀ nílé.

Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ti lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, Àǹtí ti ilẹ̀kùn kíṣìnì.

"Ràṣídì, o máa rán an."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn."

"Rán an. Àmọ́ má jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Mo gbé ife tíì tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀. "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pè mí?"

"Èmi ni. Bó bá jẹ́ òyìnbó ló máa rán an, ta ni màá bẹ̀?"

Mo bi í pé kí ni ọkọ̀ náà fi ṣe é. Ó ní ọkọ̀ ò ṣe òun ní nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orogún lòun ń pè é. Màmá lòun ń rò. Màmá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ti darúgbó, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí Àǹtí á pè é lórí fóònù, tí Màmá á máa fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú dá a lóhùn.

"Mo fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì mọ̀ pé èmi ni," ó ní. "Láti Iléṣà sí Òṣogbo, kí ló wà níbẹ̀? Mo lè máa lọ gbé oúnjẹ fún un kí n sì padà. Ọkọ̀ yẹn nìkan ló dì mí mú síbí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi ni mò ń lọ sọ́dọ̀ Màmá ní gbogbo Jímọ̀, èmi ni mo mọ bó ṣe máa ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn tẹ̀lé mi wọlé. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ gbà mí. Ṣé kéèyàn gbé mi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun kí n lọ ba iṣẹ́ ara mi jẹ́? Ọ̀fẹ́ ni mo lè ṣe ìyẹn ní Òkè-Fìà.

Mo ní, "Màá rí i, Àǹtí." Ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́.

Níbi tí wọn kì í kí oníṣẹ́

Òtútù ibẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ìkíni ló fẹ́ pa mí. Èèyàn lè máa gbẹ́lẹ̀ kó máa làágùn níbẹ̀, ẹlòmíràn á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé igi ló dúró. Láràárọ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń gba àárín àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́" á gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun mi, á há síbẹ̀. Mo bi Bọ̀ọ̀dá pé kí ni wọ́n ń sọ ní tiwọn. Ó ní wọn kì í sọ nǹkan kan, àmọ́ bí ó bá pọn dandan, kí n sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Mi ò lè fara dà á. Ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ Mọ́rágì ní ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Mo bá a níbi tó ti kúnlẹ̀, tó ń ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ọkọ̀. Mo tẹrí ba, mo fi òyìnbó sọ fún un pé ó ṣe é dáadáa. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì mo tún sọ ọ́. Nígbà tí mo máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó lọ bá Bọ̀ọ̀dá, ó bi í bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bọ̀ọ̀dá ṣàlàyé fún un pé nílùú wa, bí a bá rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, à ń kí i kú iṣẹ́ náà ni.

Ó ronú sí i díẹ̀. "Kí lẹ wá máa ń sọ fún ẹni tí kò ṣe nǹkan kan?"

"À ń kí i kú ìsinmi," Bọ̀ọ̀dá ní.

Ìyá náà kọ́ "ẹ kú iṣẹ́" lọ́jọ́ yẹn, kò sì kọ́ òmíràn mọ́ ọn. Bí mo bá ń ránṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo bá ń jẹun, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo bá ń ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀, ẹ kú iṣẹ́.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ní ògì kan níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọkà sè láì sẹ́ ẹ, iyọ̀ ni wọ́n ń bù sí i. Wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Mo jẹ ẹ́, mo sì rí i pé ohun tó ń fún wọn lágbára ni bí wọ́n ṣe ń sa gbogbo ipá láti gbé e mì. Ẹja yíyan wọn dáa, bí a ṣe ń yan tiwa nílé ni wọ́n ṣe ń yan án. Wọ́n tún gbé oúnjẹ kan wá tí wọ́n kì sínú àpòlúkù àgùntàn. Ojú mi tàn, mo rò pé mo ti rí ará ilé. Ìgbà tí mo béèrè ẹni tó pa àgùntàn náà, gbogbo wọn wo ara wọn lójú, mo bá padà sídìí ọ̀dùnkún.

Wọ́n ní ìgbà ooru la wà. Súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀. Oòrùn tí kì í ràn dáadáa náà ò tún fẹ́ wọ̀. Mo ti ṣe àlùwàlá fún Mọ̀gàríbì, mo jókòó, mò ń wo oòrùn, oòrùn náà ń wò mí. Onílé ìtajà kan bi mí níbo ni mo ti wá, mo ní Òṣogbo, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti lọ sí Kẹ́ńyà rí. Mo ní a jọ wà ládùúgbò kan náà.

Òpó iná títì

Nígbà tí òpó tuntun méjèèjì dé, Bọ̀ọ̀dá sọ fún mi pé òpó iná títì ni. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Òótọ́ ni. Wọ́n ní òpó iná títì ló fúyẹ́ tó sì lágbára tó láti dá dúró láìsí wáyà. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Ní Òṣogbo a ti fi òpó iná títì ṣe gbogbo nǹkan tán láìṣe iná. A lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́ ọn, a so ewúrẹ́ mọ́ ọn, a sá aṣọ sí i. Ọkọ̀ ojú omi nìkan la ò tíì rò.

Wọ́n yọ òpó àtijọ́ àti gbogbo wáyà rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá lu ihò méjì sí òrùlé ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, kí òpó kọ̀ọ̀kan lè gba ibẹ̀ wọlé dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Èmi ń ránṣọ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n yá wa, nítorí kò síbòmíràn tó fẹ̀ tó. Bí ẹ̀yin ìmáàmù bá ka èyí, ilẹ̀ gbọ̀ngàn ni mo wà, mi ò kọrin.

Aṣọ náà kò ṣe àjèjì sí mi, ìbátan tapólì tí mò ń lò nílé ni. Bọ̀ọ̀dá á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀ sílẹ̀, èmi á gé, màá so ó pọ̀, màá rán àpò gbọọrọ tí ọ̀pá máa wọ̀ sí i. Inú mi dùn. Mo gbàgbé ohun tí Àǹtí sọ, tàbí kí n sọ pé mo rántí rẹ̀, mo sì ń rán an lọ. Mo fi gbogbo ọgbọ́n tí ọ̀gá mi fún mi sí i. Nígbà tí mo dé apá òkè aṣọ kọ̀ọ̀kan, mo gé ojú atẹ́gùn sí i, mo fi ìbòrí pélébé bò ó, mo sì fi òwú ìlọ́po méjì rán an létí.

Ẹ̀yin tó ń gba kánópì lọ́wọ́ mi mọ̀ ọ́n. Atẹ́gùn ni ọ̀tá kánópì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀, kánópì tí kò ní ojú atẹ́gùn á fò kúrò lórí àlejò, á lọ balẹ̀ sórí mọ́ṣáláṣí. Tèmi kò fò rí. Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ kan ibẹ̀, ó ní kí nìyẹn.

"Ojú atẹ́gùn ni, Bọ̀ọ̀dá. Kí ìjì má bàa gbé yín lọ."

Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sómi rí kì í jiyàn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbá mi léjìká, ó ní kò sí bí ilé ṣe lè jìnnà tó, iṣẹ́ ọmọ Òṣogbo ò lẹ́gbẹ́.

Àkọ́wọ̀ omi

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà sómi, gbogbo àwọn arúgbó ìlú jáde wá wò ó. Àǹtí dúró létí omi, ó ká ọwọ́ gbera. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá wọ inú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá jókòó sẹ́yìn, ó fa okùn, aṣọ àkọ́kọ́ gòkè lẹ́sẹẹsẹ, èkejì tẹ̀ lé e. Ó rẹwà. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ ọwọ́ mi lókè yẹn, tó pupa rẹ́súrẹ́sú níwájú òkè tútù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo gba iṣẹ́ tí mi ò mọ̀.

Ọkọ̀ náà ò sì lọ. Mi ò ní purọ́, ó ń sún. Ó ń sún bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́ ẹ. Pẹ́pẹ́yẹ kan kọjá lára wa. Màmá Mọ́rágì tó ń fi ọwọ́ wa ọkọ̀ pákó kékeré kan yọ lẹ́yìn wa, ó bá wa, ó kọjá, ó sì gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní.

Ẹ̀yìn aṣọ kejì ni mo jókòó sí. Atẹ́gùn tútù kan rọra ń fẹ́ sí mi lórí. Mo sọ nínú ara mi pé, ẹ wò ó bí atẹ́gùn ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá geerege, iṣẹ́ mi ṣe. Lẹ́yìn náà ni ara mi tutù ju omi lọ. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń kọ́ bí aṣọ kò ṣe ní gba atẹ́gùn dúró, wọ́n wá pè mí wá rán èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ pé kó gba atẹ́gùn dúró. Ojú tì mí, mo tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Bọ̀ọ̀dá ò tilẹ̀ wo apá òkè. Òpó ló ń fẹ̀sùn kàn.

Nígbà tí a délé, òórùn kan gbà mí lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí ti gún iyán. Iṣu gidi tó ti fi pamọ́ láti ìgbà pípẹ́ ló sè, odó kékeré tó gbé láti ilé ló fi gún un, ó sì fi irú tí mo gbé wá se ẹ̀fọ́.

"Uyán?" Bọ̀ọ̀dá ní, èdè Iléṣà rẹ̀ jáde. "Ta ló bímọ?"

Àǹtí ti ń bu oúnjẹ. Ẹran tó tóbi jù ló bù sí abọ́ tèmi. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Jẹun, àbúrò mi. Ọlọ́run á san án fún ọ." Ìgbà náà ló yé mi. Ó rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Iyán náà dùn. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń gbé e mì, Bọ̀ọ̀dá ń fi ìka ya àwòrán sórí tábìlì. Ó ní òpó ló kúrú. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun á fi kún un. Bí kò bá gbọ́, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun á sún un síwájú. "Uṣẹ́ yìí, mi ò dìde nídìí rẹ̀," ó ní. Ojú rẹ̀ ń dán. Mo wo Àǹtí, mo rí i pé kò gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń sọ. Ayọ̀ ti dí i létí.

Ọ̀dùnkún láìníyọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá a ní kíṣìnì kan náà.

"Àǹtí, iyán àná yẹn, mi ò jẹ ẹ́ lọ́nà ẹ̀tọ́. Mi ò ṣe é fún yín. Àṣìṣe ni."

Ó wò mí. "Àṣìṣe báwo?"

Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Fi àṣìṣe náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Màá dí i lónìí."

"Ràṣídì, mo bẹ̀ ọ́. Ìyá tèmi nìkan kọ́ ni, ìyá tìrẹ náà ni."

"Àǹtí, ọmọ ibo lẹ fẹ́?" mo bi í. "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ lánàá? Ọmọ Iléṣà kì í fi ohun tí kò tíì tẹ̀ lọ́wọ́ sílẹ̀ lọ sílé. Bí aṣọ yìí bá ń bàjẹ́ lọ́dọọdún, ọdọọdún lá máa tún un ṣe. Ẹ óò kàn máa dàgbà síbí ni."

Ó ṣí omi ẹ̀rọ sórí abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́. Mo jáde lọ. Mo sọ àṣìṣe mi fún Bọ̀ọ̀dá náà, ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ló ń rín. Mo gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, mo dí gbogbo ojú atẹ́gùn náà pa, mo rán an ní àrántúnrán. Láàárín ọjọ́ tí mo fi ṣe é, ọ̀dùnkún sísè láìníyọ̀ ni Àǹtí ń gbé síwájú mi. Kò bá mi jà. Ẹ̀yin tó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin mọ̀ pé ìjà sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ulé yá

Nígbà kejì tí a gbé aṣọ náà sókè, a ò tíì jókòó dáadáa tí ọkọ̀ fi gbéra. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ wa, ilé àwọn ará ìlú ń kéré lẹ́yìn. Mo di ara ọkọ̀ mú, mò ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀. Nígbà tí atẹ́gùn le sí i, Bọ̀ọ̀dá tú okùn kan díẹ̀. Aṣọ náà ká ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdá kan, ọkọ̀ sì rọra dúró ṣánṣán. Kò dìde. Ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ níbi tó jù ú sí.

Mo rò pé á hó. Ṣe ló ń wo iwájú, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ láìnù ún.

"Ràṣídì," ó ní, "ulé yá."

"Ẹ jẹ́ ká yí padà nígbà náà, Bọ̀ọ̀dá."

"Ulé Iléṣà ni mò ń wí." Ó nu ojú. "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìbàdí ló lé mi lọ sílé. Kí wọ́n máa wí nílé pé ẹsẹ̀ ló dùn ún tó fi padà. Ní báyìí mo lè lọ síbikíbi tí mo bá fẹ́. Mo lè wá lọ sílé. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé màá tà á."

Mo ní kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Àǹtí wò mí, ó sì lọ bu iyọ̀ sí oúnjẹ mi. Lẹ́yìn tó ti jókòó tán ló ní, "Bàbá Kúnlé, kí ẹ tó tà á, ẹ gbé mi dé ibi tí ẹ máa ń dé yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí n mọ ohun tí orogún mi jọ."

A gbé e lọ. Kò wọ inú ọkọ̀ náà rí. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lórí ìró àti gèlè, ó di ọwọ́ mi mú débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Nígbà tí a jáde kúrò láàárín òkè méjì sí gbangba òkun, ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Omi náà tẹ́ lọ títí, ìmọ́lẹ̀ ń sáré lórí rẹ̀.

"Báyìí ló ṣe máa ń rí?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Báyìí náà ni."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ọdọọdún ni mò ń pè ọ́, Sìdí."

Ó ní kó gbé okùn náà fún òun wò. Ó gbé e fún un. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn fún un, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ti rí irú ojú yẹn lọ́jọ́ uyán, lójú ọkọ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Mo ti délé. Ọrọ̀ kan ò tẹ̀lé mi bọ̀, ìrù ẹja yíyan díẹ̀ ni mo gbé dání. Bọ̀ọ̀dá máa ń pè mí látìgbà náà, ẹjọ́ ló ń rò. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó òun sì lé wọn lọ. Ó ní, "Ràṣídì, kí lo rán mọ́ aṣọ yìí?" Àǹtí náà fi fọ́tò ránṣẹ́. Òun nìkan ló jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ hàn títí dé èrìgì. Ó fi ohùn rẹ̀ kún un pé kí n sọ fún Màmá pé àwọn ń bọ̀, àmọ́ ó máa di ọdún tó ń bọ̀, ìgbà tí omi bá ti tutù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Jímọ̀. Orí Màmá pé lọ́jọ́ náà, ó dá mi mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Sìdí mi nìyí," ó ní. "Ìwọ lo rán aṣọ tó wà lókè yìí?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dúró dáadáa?"

"Ó dúró dáadáa, Màmá. Ojú kan kò jò lára rẹ̀."

Ó fi àtàńpàkò nu ojú fóònù, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ.

"Ṣé aṣọ yìí kò wá lè gbé e dé ọ̀dọ̀ mi ni?"

Mo jókòó ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé aṣọ náà lè gbé e dé, bí Àǹtí bá kọjú rẹ̀ síbí.